Láptọ́ọ̀pù ń rí tòde, tòde ò rí i: ṣé ká pa firewall ni?

Ìbéèrè tó wọlé rèé: “Ẹ káàárọ̀ sà. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré kan ní Ṣómólú, a máa ń tẹ káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà àti ríséètì. Kọ̀ǹpútà méjì la ní. Láptọ́ọ̀pù mi wà ní yàrá inú, òun ni mo fi ń ṣe dizáìnì, Windows 11 ló wà lórí ẹ̀. Èyí tó wà níwájú táwọn ọmọ iṣẹ́ ń lò, Windows 10 ni, òun la so púríńtà mọ́. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá ti parí iṣẹ́, mo máa ń jù ú sínú fódà kan lórí láptọ́ọ̀pù, àwọn ọmọ á ṣí i láti iwájú, wọ́n á tẹ̀ ẹ́. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí fódà yẹn ò ṣí fún wọn mọ́, á kàn máa yí, á yí títí, á wá ní òun ò rí láptọ́ọ̀pù mi. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé tí èmi bá tẹ nǹkan láti láptọ́ọ̀pù sí púríńtà iwájú, ó ń jáde. Ẹni tó máa ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe wá, ó pa firewall, lójú ẹsẹ̀ fódà ṣí, ó ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni Windows ń fi àmì pupa hàn mí, mo sì máa ń gbé láptọ́ọ̀pù yìí lọ sí Balógun lọ́dọ̀ àwọn kọ́sítọ́mà, Wi-Fi tiwọn ni mo máa ń lò níbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé firewall yẹn ti bàjẹ́ ni? Ṣé kí n fi sílẹ̀ ní pípa? A ò yí nǹkan kan padà o, àfi ráútà wa tó jóná lọ́jọ́ tí iná wọlé lójijì, a wá ra MiFi. Èmi ni Ìyá Ìbejì, Ṣómólú.”

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìfaradà. Mo mọ bó ṣe máa ń rí tí kọ́sítọ́mà bá dúró síwájú tó ń wo aago, tí iṣẹ́ ẹ̀ ti parí, tó wà lórí láptọ́ọ̀pù nínú yàrá inú, tí ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ ò sì lè dé ibẹ̀. Lẹ́tà yín dùn mọ́ mi gan-an torí ẹ ti kó ìdáhùn sínú ẹ̀ láìmọ̀. Ibi méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni ibi tí ẹ ti ní ẹ̀ ń tẹ nǹkan láti inú ó ń jáde níwájú, ṣùgbọ́n àwọn tiwájú ò lè wọlé wá bá yín. Èkejì ni ìlà tí ẹ fi parí ẹ̀, tí ẹ ní ẹ ò yí nǹkan kan padà àfi ráútà. Ráútà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ náà o. Firewall yín ò bàjẹ́ rárá, iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ló ń ṣe, ibi tó rò pé òun wà ni ò tọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan sọ́tọ̀ díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pa wọ́n pọ̀. Firewall kì í ṣe antivirus. Antivirus ń yẹ fáìlì wò bóyá àrùn wà nínú ẹ̀, firewall ò bá fáìlì ṣe, ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ló ń wò, ibi tó ti wá àti ilẹ̀kùn tó ń kàn. Kì í ṣe òun ló ń jẹ dátà yín, òun kọ́ ló sì ń mú kí íntánẹ́ẹ̀tì máa fà. Bí firewall Windows ṣe wà láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ohunkóhun tí láptọ́ọ̀pù yín bá fúnra ẹ̀ jáde lọ wá, á jẹ́ kó lọ, èsì tó bá sì tẹ̀ lé e bọ̀, á jẹ́ kó wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dédé ti ìta wá, tí láptọ́ọ̀pù ò ránṣẹ́ pè é, ìta náà ló máa dúró sí àfi tí àṣẹ bá ti wà nílẹ̀ fún un. Tí ẹ bá ń tẹ nǹkan láti yàrá inú, láptọ́ọ̀pù yín ló ń jáde lọ bá kọ̀ǹpútà iwájú, ìdí nìyẹn tí kò fi sí wàhálà. Tí ọmọ iṣẹ́ bá fẹ́ ṣí fódà, kọ̀ǹpútà iwájú ló ń wá bá láptọ́ọ̀pù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá a dúró. Firewall Windows ò sì ní dá a lóhùn pé má wọlé o, ńṣe ló máa dákẹ́ bí ẹni pé kò sẹ́ni nílé, ìdí tí nǹkan yẹn fi ń yí títí tó fi ń sú u nìyẹn. Ìdákẹ́ yẹn fúnra ẹ̀ àmì ni. Tó bá jẹ́ páswọ́ọ̀dù ni ò pé ni, Windows ìbá ti bi wọ́n ní páswọ́ọ̀dù. Tó bá jẹ́ fódà ni wọn ò láṣẹ sí, ó máa sọ fún wọn pé wọn ò láṣẹ ni. Kò ní dákẹ́.

Ó wá ku ìdí tó fi gbà wọ́n láyè tẹ́lẹ̀ tí kò gbà wọ́n mọ́. Tí ẹ bá ń kọjá lábẹ́ bíríìjì Ọ̀ṣòdì ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ ó di báàgì yín mọ́ àyà ni, ẹnikẹ́ni tó bá sún mọ́ yín jù ẹ ó wò ó lójú. Tí ẹ bá délé, ẹ ó ju báàgì kan náà sórí àga, ẹ ò tiẹ̀ ní rántí ibi tí ẹ fi sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Windows ṣe ń ṣe. Gbogbo Wi-Fi tàbí wáyà tí ẹ bá so láptọ́ọ̀pù mọ́, ó máa fún un lórúkọ: Public ni Ọ̀ṣòdì, Private ni ilé. Ẹ̀kẹta wà tí wọ́n ń pè ní Domain, ti àwọn ọ́fíìsì ńlá tó ní sẹ́fà tiwọn nìyẹn, kò kàn wá. Níbi Public, láptọ́ọ̀pù máa fara pa mọ́, ẹlòmíì ò ní rí i, fódà tí ẹ ṣí sílẹ̀ fáwọn ọmọ iṣẹ́ náà kò ní ṣí fún ẹnì kankan. Níbi Private, á jẹ́ kí àwọn tí wọ́n jọ wà lórí Wi-Fi kan náà rí òun, kí wọ́n sì wọ fódà tí ẹ bá ní kí wọ́n wọ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò bá tíì rí rí, Ọ̀ṣòdì ló máa kà á sí. Àwọn tó ṣe é ò ṣàṣìṣe níbẹ̀ o, ó sàn kó máa fura nílé ju kó tú báàgì sílẹ̀ ní Ọ̀ṣòdì lọ.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín. Ráútà àtijọ́ yẹn, nígbà kan ẹnì kan ti sọ fún láptọ́ọ̀pù pé ilé nìyí, bóyá ẹ̀yin fúnra yín, bóyá ẹni tó bá yín so ó. Ráútà jóná, MiFi dé. Lójú yín, ṣọ́ọ̀bù kan náà ni, tábìlì kan náà ni, kódà ẹ lè ti fi orúkọ Wi-Fi àtijọ́ sọ MiFi tuntun. Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kọ́ ni Windows ń wò, ó tún máa ń wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ mọ́ ara ẹ̀rọ ráútà láti ilé iṣẹ́ ẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní MAC address, èyí sì yàtọ̀ lára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà MiFi yín, àjèjì ni, wọ́n sì kà á sí Public. Kọ̀ǹpútà iwájú tó jẹ́ Windows 10 máa ń béèrè tó bá rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun, á gbé ìbéèrè kan wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé ṣé kí àwọn kọ̀ǹpútà míì máa rí òun, ó dá mi lójú pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yín tẹ Yes, ìdí tí púríńtà iwájú fi ń gba iṣẹ́ nìyẹn. Windows 11 tó wà lórí láptọ́ọ̀pù kì í sábà béèrè, ńṣe ló máa ń fi sí Public jẹ́ẹ́jẹ́. Mo ń tẹnu mọ́ èyí torí ní Èkó yìí, ta ló ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo? Dátà á tán lórí MiFi, a ó gbé MiFi kejì, ìyẹn náà á tán, a ó tan hotspot fóònù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni láptọ́ọ̀pù ń kà sí ibi ọ̀tọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lẹ sì gbọ́dọ̀ sọ fún un lẹ́ẹ̀kan pé ilé ni. Àwọn tó ń sọ fún mi pé “lánàá ó ṣiṣẹ́, lónìí kò ṣiṣẹ́, a ò sì fọwọ́ kan nǹkan kan”, tí mo bá bi wọ́n pé dátà ta ni wọ́n ń lò lánàá, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti máa ń já síra.

Ohun tí ẹ máa ṣe rèé, kí ẹ sì ṣe é nínú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú MiFi yẹn ní títàn, ẹ má ṣe é ní Balógun. Ẹ kọ́kọ́ tan firewall padà. Ẹ wá Windows Security, ẹ wọ “Firewall & network protection”, ẹ ó rí Domain, Private àti Public, ẹ tan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú ìwé yẹn náà, ọ̀rọ̀ “active” máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń lò lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ Public ló wà, a ti mú un nìyẹn. Ẹ wá lọ sí Settings, ẹ wọ “Network & internet”, ẹ wọ Wi-Fi, ẹ tẹ properties ti MiFi yín, wọ́n á fi Public àti Private hàn yín, ẹ mú Private. Kò tán síbẹ̀ o. Nínú “Network & internet” kan náà, ẹ wọ “Advanced network settings”, kí ẹ wọ “Advanced sharing settings”, lábẹ́ Private ẹ tan “Network discovery” àti “File and printer sharing”. Ti Public tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà ní pípa, ìyẹn ló máa dáàbò bò yín ní Balógun.

Kí ẹ tó ní kí wọ́n dán an wò níwájú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa wá àwòrán láptọ́ọ̀pù nínú “Network” kí wọ́n wá sọ pé kò sí níbẹ̀. Kí orúkọ yọ síbẹ̀ yàtọ̀ sí kí ilẹ̀kùn ṣí, mo ti rí ibi tí orúkọ ò yọ tí fódà sì ṣí dáadáa. Lórí láptọ́ọ̀pù, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ ipconfig, ẹ wá nọ́ńbà tó wà níwájú “IPv4 Address”, á jọ 192.168 pẹ̀lú nọ́ńbà méjì míì lẹ́yìn ẹ̀. Níwájú, kí ọmọ iṣẹ́ di bọ́tìnnì Windows àti R mú pọ̀, kó wá tẹ \\ kó sì lẹ nọ́ńbà yẹn mọ́ ọn. Tó bá béèrè orúkọ àti páswọ́ọ̀dù, ẹ yọ̀, wọ́n ti wọ géètì nìyẹn, ẹnu ọ̀nà yàrá ló kù. Ibẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ PIN tí wọ́n fi ń ṣí láptọ́ọ̀pù, kò sì ní gbà láéláé, torí PIN orí láptọ́ọ̀pù yẹn nìkan ló ń bá ṣiṣẹ́, páswọ́ọ̀dù gan-an ni wọ́n ń béèrè. Ákáńtì tí kò ní páswọ́ọ̀dù kankan náà, Windows ò ní jẹ́ kó gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé. Ohun tí mo máa ń ṣe fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù ni kí n ṣẹ̀dá ákáńtì kékeré kan lórí láptọ́ọ̀pù fáwọn ọmọ iṣẹ́, tó ní páswọ́ọ̀dù tiẹ̀, fódà iṣẹ́ yẹn nìkan ni mo máa ń fún un láṣẹ sí. Páswọ́ọ̀dù tiyín á wà lọ́wọ́ yín.

Tó bá jẹ́ pé láptọ́ọ̀pù ti wà ní Private, tí gbogbo ẹ̀ sì tàn, tí wọn ò sì tún wọlé, ibi mẹ́ta ni mo máa ń yẹ̀ wò lẹ́yìn ìyẹn. Ọ̀kan ni pé lójú ìwé Private yẹn nínú Windows Security, àpótí kékeré kan wà tó ní kí ó dí gbogbo ẹni tó ń bọ̀ láti ìta, títí kan àwọn tó ti gbàṣẹ. Tí ẹnì kan bá ti fàmì sí i, àṣẹ yòówù kí ẹ kọ, kò ní ṣiṣẹ́, ẹ yọ àmì yẹn. Èkejì ni antivirus olówó tí wọ́n máa ń bá wa fi síbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ló ní firewall tiwọn, tí wọ́n bá sì ti dé, tiwọn ló ń ṣe géètì, ẹ lè máa tún ti Windows ṣe láti àárọ̀ di alẹ́ nígbà tó jẹ́ pé ẹlòmíì ló di géètì mú. Inú antivirus yẹn lẹ ó ti sọ fún un pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí, tiwa ni. VPN náà, ìyẹn áàpù tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì yín gba ọ̀nà ìkọ̀kọ̀, ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn kan á ti gbogbo ojú ọ̀nà abẹ́lé pa tí wọ́n bá ti tàn, àfi kí ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń gba “local network” láyè nínú ẹ̀. Ẹ̀kẹta ò ní kàn yín torí ti fódà kì í ṣe ti áàpù, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn míì tó ń ka èyí ń lo áàpù ìṣirò owó tàbí áàpù tí wọ́n fi ń gba fáìlì láti orí fóònù. Tí áàpù bẹ́ẹ̀ bá kọ́kọ́ ṣí, Windows á béèrè pé ṣé kí òun jẹ́ kó gba àlejò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń tẹ Cancel torí wọ́n ń kánjú. Cancel yẹn ò túmọ̀ sí pé kó béèrè nígbà míì o, òfin ìdínà ni Windows kọ sílẹ̀ fún áàpù yẹn, òfin ìdínà sì lágbára ju òfin àṣẹ lọ. Ẹ lè wá kọ àṣẹ mẹ́wàá fún áàpù náà lẹ́yìn ìyẹn, kò ní gbà. Ńṣe lẹ máa tẹ wf.msc sínú àpótí Windows àti R yẹn, kí ẹ wọ “Inbound Rules”, kí ẹ wá orúkọ áàpù náà tó ní àmì pupa, kí ẹ pa á rẹ́ kúrò ńbẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ nípa àwọn nǹkan tí kì í ṣe ti firewall tí wọ́n máa ń dì lé e lórí, torí ó ti gba ọjọ́ kan gbáko lọ́wọ́ mi rí. Ọ́fíìsì kan ni, ní Marina, kọ̀ǹpútà kan ò rí èkejì, mo tú firewall palẹ̀, mo tò ó, mo tún tú u, ilẹ̀ ti ń ṣú kí n tó fi ojú sí nọ́ńbà IP àwọn méjèèjì dáadáa, ìyẹn nọ́ńbà tí ipconfig ń fi hàn. Ọ̀kan jẹ́ 192.168.0, èkejì jẹ́ 192.168.1. Wọ́n ti so ráútà kékeré kan mọ́ ẹ̀yìn ráútà ńlá kí Wi-Fi lè dé yàrá ẹ̀yìn, wọ́n fún méjèèjì lórúkọ kan náà, gbogbo èèyàn rò pé Wi-Fi kan ni wọ́n wà, nígbà tó jẹ́ pé ilé méjì ni. Kódà lórí Private, òfin tí Windows fi ń gba àwọn tó fẹ́ ṣí fódà láyè, àwọn tí wọ́n wà lórí ìlà nọ́ńbà kan náà nìkan ló wà fún. Láti ọjọ́ yẹn, nọ́ńbà kọ̀ǹpútà méjèèjì ni mo kọ́kọ́ ń kọ sórí ìwé, kí n tó fọwọ́ kan nǹkan míì. Tí ẹ bá wá rí nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, kọ̀ǹpútà yẹn ò rí nọ́ńbà gbà lọ́wọ́ MiFi rárá, ẹ pa Wi-Fi ẹ̀ kí ẹ tún un so, firewall ò mọ nǹkan kan nípa ìyẹn.

MiFi fúnra ẹ̀ náà lè jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀. Àwọn kan ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní AP isolation, tó máa ń jẹ́ kí gbogbo ẹni tó wà lórí ẹ̀ rí íntánẹ́ẹ̀tì ṣùgbọ́n kí wọ́n má rí ara wọn. Wi-Fi àlejò náà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe. Tiyín ò rí bẹ́ẹ̀, torí tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ò ní lè tẹ nǹkan sí púríńtà iwájú rárá, pípa firewall náà ò sì ní mú kí fódà ṣí. Ẹ wá rí i pé ohun tí ẹni tó ń bá yín tún kọ̀ǹpútà ṣe yẹn ṣe ní iwúlò, mi ò fẹ́ kí ẹ bínú sí i. Pípa firewall fún ìṣẹ́jú kan láti fi mọ̀ bóyá òun ni, ọ̀nà àyẹ̀wò tó dáa ni, èmi náà ń ṣe é. Ó ti jẹ́ ká mọ̀ pé kì í ṣe MiFi, kì í ṣe wáyà, kì í ṣe fódà. Àyẹ̀wò ló ṣe, kò ṣe ìtọ́jú, ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an ló ti kó irinṣẹ́ ẹ̀ lọ. Àyẹ̀wò kan ṣoṣo tí mi ò fẹ́ kí ẹ gbára lé ni ping, ìyẹn kí kọ̀ǹpútà kan ké sí èkejì láti mọ̀ bóyá ó wà níbẹ̀. Láti ilé iṣẹ́ ẹ̀ ni firewall Windows kì í ti í dá ping lóhùn, kọ̀ǹpútà lè wà níbẹ̀ digbí kó má fèsì. Tí ẹni yín bá fẹ́ àyẹ̀wò tó múná, kó ṣí PowerShell níwájú, kó tẹ Test-NetConnection, nọ́ńbà láptọ́ọ̀pù, àti -Port 445, torí ilẹ̀kùn 445 ni Windows ń gbà pín fódà. Tó bá mú True wá, firewall ti gbà, kí wọ́n lọ wo páswọ́ọ̀dù.

Ilẹ̀kùn 445 tí mo dárúkọ yẹn ló mú mi dé ìbéèrè yín kejì, bóyá kí ẹ fi firewall sílẹ̀ ní pípa. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Windows XP tó jáde ní 2001 ní firewall, ṣùgbọ́n ní pípa ló wà, àfi ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ló ń tàn án. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, àrùn kan tí wọ́n pè ní Blaster ń ti kọ̀ǹpútà kan bọ́ sí òmíràn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan, kí èèyàn sáà ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní oṣù kẹjọ 2004, Microsoft gbé Service Pack 2, àtúnṣe ńlá fún Windows XP, jáde, láti ìgbà náà ni firewall ti ń wà ní títàn fún gbogbo èèyàn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, WannaCry gba ilẹ̀kùn 445 yẹn gan-an, ó ń ti fáìlì àwọn èèyàn pa, ó ń gba owó kó tó ṣí i, ó bá àwọn ọsibítù lálejò ní Ìlú Ọba. Microsoft ti gbé àtúnṣe ẹ̀ jáde láti oṣù kẹta ọdún kan náà, àwọn tí kò tíì ṣe update ló rí ogun ẹ̀. Ẹ wá ro ó wò: dizáìnì gbogbo kọ́sítọ́mà yín wà lórí láptọ́ọ̀pù yìí, ẹ gbé e lọ sórí Wi-Fi ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì ní Balógun níbi tí fóònù àti láptọ́ọ̀pù tí ẹ ò mọ̀ rí pọ̀ sí, géètì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Tí firewall bá wà ní títàn tí Wi-Fi Balógun sì jẹ́ Public, láptọ́ọ̀pù á di báàgì mọ́ àyà fúnra ẹ̀, ẹ ò ní ṣe nǹkan kan. Kọ̀ǹpútà iwájú náà, ẹ kíyè sí i, oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtìlẹyìn Windows 10 dúró. Bí ara ẹ̀ bá gba Windows 11 kí wọ́n gbé e sí i, tí kò bá gbà, firewall tiẹ̀ gan-an ni ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Private náà ní tiẹ̀ o, mi ò ní tàn yín. Tí ẹ bá ti ní ilé ni ṣọ́ọ̀bù, ẹnikẹ́ni tó bá ní páswọ́ọ̀dù MiFi yín ti di ará ilé nìyẹn. Mo mọ Ṣómólú, mo mọ bí àwọn èèyàn ṣe máa ń sọ pé “ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n fi Wi-Fi yín gba fáìlì kan”, ọmọ iṣẹ́ á sì kọ páswọ́ọ̀dù fún wọn, oníṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ náà á ti gbà á. Ẹ yí páswọ́ọ̀dù yẹn padà lónìí. Tí MiFi yín bá ní Wi-Fi àlejò, ìyẹn ni kí ẹ fún kọ́sítọ́mà. Tó bá jẹ́ Wi-Fi àjọlò ni gbogbo ilé yẹn ń lò, tí ẹ ò lè sọ ẹni tó wà lórí ẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà ní Public jàre, kí ẹ wá ọ̀nà míì.

Ọ̀nà míì wà. Fláàṣì wà, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ló ń fi í ṣe é, kò ní wàhálà firewall, ṣùgbọ́n fláàṣì tó ń ti inú kọ̀ǹpútà kọ́sítọ́mà bọ́ sínú tiyín máa ń gbé àrùn rìn, ó sì máa ń sọnù. Google Drive wà, ó dáa fún ẹ̀dà ìpamọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ máa gbé fáìlì ńláńlá gba íntánẹ́ẹ̀tì lọ kó tún gba íntánẹ́ẹ̀tì padà sí yàrá tí kò ju ẹsẹ̀ mẹ́wàá lọ, dátà lẹ ń dà sínú gọ́tà yẹn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún irú ṣọ́ọ̀bù yín ni kí ẹ ra ráútà kékeré kan tí kò ní símù, kí ẹ fi wáyà so kọ̀ǹpútà méjèèjì mọ́ ọn, kó máa dúró síbẹ̀ láìka dátà ta lẹ ń lò sí. Ráútà yẹn ò ní yí padà, nítorí náà láptọ́ọ̀pù ò ní rí àjèjì mọ́, MiFi lè máa pààrọ̀ ara wọn bó ṣe wù wọ́n. Owó ẹ̀ á dùn yín lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ ò bá ní in báyìí, sísọ MiFi di Private tó. Ohun kan ṣoṣo ni pé tí MiFi bá kú tó sì tàn padà, ó lè pín nọ́ńbà IP tuntun, fódà tí àwọn ọmọ ti fi nọ́ńbà pamọ́ ò ní ṣí. Kí wọ́n máa fi orúkọ láptọ́ọ̀pù pè é dípò nọ́ńbà, orúkọ kì í yí padà.

Láti ibi tí mo jókòó sí, mi ò rí láptọ́ọ̀pù yín. Ohun tí ẹ kọ ni mo fi ṣe ìdájọ́, ó sì bá Public mu láti òkè dé ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé antivirus kan wà níbẹ̀ tí ẹ ò dárúkọ, ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó tún un ṣe yẹn ti tẹ nǹkan míì yàtọ̀ sí firewall. Windows Security ní bọ́tìnnì tó ń dá gbogbo òfin firewall padà sí bó ṣe wà láti ilé iṣẹ́, mi ò ní sọ pé kí ẹ má lò ó, àmọ́ ẹ fi í ṣe ìkẹyìn, torí á pa gbogbo àṣẹ táwọn áàpù yín ti gbà rẹ́, ẹ ó sì tún wọn fún lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí fódà ò sì tún ṣí, ẹ ya fọ́tò ojú ìwé “Firewall & network protection” ní ibi tó ti kọ active, ẹ ya ti ipconfig lórí láptọ́ọ̀pù àti ti iwájú, kí ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ sì kọ orúkọ antivirus tó bá wà níbẹ̀ sí i.